Rédíò aráàlú nínú íapíìsì: kí lẹ ń gbọ́ lójú ọ̀nà?

Arìnrìnàjò Mówé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mówé ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé. Bí ọ̀nà bá dán, màá débi iṣẹ́ kí aago méje tó lù. Àmọ́ bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá lọ dùbúlẹ̀ sí Ìbàfò, tàbí tí Bẹ́gà dí, orí afárá ni aago mẹ́sàn-án máa bá mi. Ti ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bọ̀. Mo ṣírò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá: nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni mò ń lò nínú bọ́ọ̀sì lójúmọ́.

Mi ò fẹ́ máa fi gbogbo wákàtí yẹn wo fídíò kéékèèké mọ́. Ojú ń ta mí, dátà ń tán, bí mo bá sì délé tí ọkọ mi bi mí pé kí ni mo rí, mi ò ní lè tọ́ka sí ẹyọ kan. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n wá pọ́díkáàsì àwọn rédíò aráàlú lọ, ìyẹn ètò ohùn téèyàn lè gbà sórí fóònù kó sì gbọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti oníṣòwò, pé owó ìjọba, owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣàn tàbí ọrẹ àwọn olùgbọ́ ló ń gbé wọn ró, bíi BBC, NPR ti Amẹ́ríkà àti RFI ti Faransé, àti pé ọ̀fẹ́ ni.

Mo ti gbìyànjú méjì. Ti àkọ́kọ́, olóòtú ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí, ẹ́ńjìnnì gbé ohùn ẹ̀ mì pátápátá. Èkejì gùn tó wákàtí kan ààbọ̀. Mo sùn lọ ní Ọtẹ́dọlá, mo jí ní CMS.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ń gbọ́ tí ohùn ẹ̀ mọ́, téèyàn lè tẹ̀ lé láàárín ariwo, tí kò sì ní jẹ dátà run? Ẹ má kàn to orúkọ sílẹ̀ fún mi. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ àti ohun tí ẹ rí nínú ẹ̀.

Awakọ̀ Tírélà, Manchester

Àbúrò, ẹ kú ìrìn o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà níbí, òru ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Òfin ni pé bí èèyàn bá ti lo wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nídìí stíárìn, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Nítorí náà, ohun tó gùn dáadáa ló bá mi lára mu. Sípíkà ọkọ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe íapíìsì. Etí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sí ojú títì, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń wakọ̀ níbí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni In Our Time. Ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ lórí BBC Radio 4, Melvyn Bragg ló sì ṣe olóòtú ẹ̀ títí di 2025. Olóòtú kan àti ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ló máa ń jókòó, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á tú u palẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 50. Lónìí ó lè jẹ́ ìtàn ọba ayé àtijọ́ kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ bí oòrùn ṣe ń ràn. Kò sí orin, kò sí ẹ̀fẹ̀. Bí ti orí rédíò bá parí, pọ́díkáàsì á ṣì máa lọ: olóòtú á bi wọ́n pé kí ló kù tí wọn ò ráyè sọ, àwọn náà á tún fa ọ̀rọ̀ gùn, títí ẹnì kan á fi wọlé wá béèrè ta ló ń mu tíì, ta ló ń mu kọfí. Ibẹ̀ yẹn máa ń tù mí lára lóru. Á ṣe mí bíi pé wọ́n ti sún àga fún èmi náà.

Ṣùgbọ́n ti inú dánfó kọ́ nìyẹn o. Ẹ̀yin ẹ lọ wá 13 Minutes to the Moon. BBC World Service ló ṣe é ní 2019, nígbà tó pé àádọ́ta ọdún tí ọmọ aráyé kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Kevin Fong, tó jẹ́ dókítà, ni olóòtú. Ìṣẹ́jú 13 yẹn ni ọkọ̀ Eagle fi ń sọ̀kalẹ̀ ní July 20, 1969. Ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn tó wà ní yàrá ìdarí ní Houston lọ́jọ́ náà gan-an, púpọ̀ nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nọ́mbà 1202 ló ń gbé jáde, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 26 kan ló wà nídìí iṣẹ́ náà nílẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá kí wọ́n máa bọ̀ tàbí kí wọ́n padà sókè. Orí M6 ni mo wà, aago mẹ́ta òru, òjò ń rọ̀. Mo di stíárìn mú bíi pé ọwọ́ mi ni wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ìlú Àró

Ìròyìn ni tèmi. Global News Podcast ti BBC máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 30. Ohùn wọn ń jáde ketekete. Up First ti NPR náà dára, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ga jù láàárọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń yàn. Àmọ́ ẹ rántí pé àárọ̀ tiwọn ni ọ̀sán tiwa, torí náà ìrọ̀lẹ́ ló wúlò fún ẹni tó ń darí lọ sílé.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Akọ́ka

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ dátà, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn. Àǹtí Mówé ní kí ó má jẹ dátà run. Ohùn lásán kì í jẹ dátà bí fídíò rárá. Pọ́díkáàsì tí wọ́n gbà ní 128 kilobit fún ìṣẹ́jú-àáyá (ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), tí ó bá gùn tó ìṣẹ́jú 30, kò ju 29 MB lọ. Bí wọ́n bá gbà á ní 64, ìdajì ẹ̀ ni. Ẹ fi wé fídíò ìṣẹ́jú 30, ẹ ó rí i.

Ohun tó ń fa ìnáwó ni kéèyàn máa fi nẹ́tíwọ́kì gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́kì á já ní Àrẹ̀pò, ó tún bẹ̀rẹ̀, á tún já. Áàpù kan tí mo lò tẹ́lẹ̀, ṣe ló ń gba fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa á rẹ́. Ẹ lo AntennaPod. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, orí Android ló wà. Ẹ wọ inú ètò ẹ̀, kí ẹ ní kó máa gba apá tuntun sílẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí Wi-Fi nìkan, kí ẹ dín iye tó lè kó pamọ́ kù sí bíi mẹ́wàá kí fóònù má kún. Bí ẹ bá ní Wi-Fi níbi iṣẹ́, kí ẹ tó parí iṣẹ́ lọ́sàn-án ni ti ìrọ̀lẹ́ àti ti ìdájí ọ̀la máa ti wà lórí fóònù. Ẹ lè pa dátà pátá kí ẹ tó wọkọ̀.

Ó tún ní aago oorun. Ẹ sọ fún un pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kó dákẹ́. Tí ẹ bá sùn lọ ní Ọtẹ́dọlá, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a nígbà tí ẹ bá jí.

Nǹkan kan ṣì kù. Ẹ má so ara yín mọ́ áàpù ilé iṣẹ́ kan. Google Podcasts kógbá wọlé ní 2024. BBC Sounds náà, láti July 2025, wọn ò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi Britain lò ó mọ́. Ẹni tó ń lo áàpù tó ń ka RSS, ìwé kékeré tí áàpù fi ń mọ̀ pé ètò tuntun ti jáde, kò pàdánù ohunkóhun, torí àwọn pọ́díkáàsì náà ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Ìyá Aláṣọ Ìbàdàn

Ẹ kúuṣẹ́ o gbogbo ilé. Aṣọ òkìrìkà ni mò ń tà. Mo ń rin Ìbàdàn sí Kútọnu, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ọmọ mi tó wà ní poli ló fi Planet Money ti NPR hàn mí, torí ó ní ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ. 2008 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń yá èèyàn ra ilé dàrú ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé sì gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó mú mi. Ní 2013, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí tíṣáàtì kan ṣe ń dé ọrùn èèyàn. Wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe tíṣáàtì fún àwọn, wọ́n wá tẹ̀ lé e. Oko òwú ní Mississippi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ran òwú ní Indonesia, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán an, ti ọkùnrin ní Bangladesh, ti obìnrin ní Colombia. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àṣé wọ́n ṣì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí òyìnbó bá wọ̀ ọ́ tó sú u! Wọ́n bá dé Kẹ́ńyà. Mitumba ni wọ́n ń pe òkìrìkà níbẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹrù dídì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń tú bẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọ̀bẹ bá ti já okùn ẹ̀, òórùn kan máa ń kọ́kọ́ jáde, òórùn ọṣẹ òyìnbó pọ̀ mọ́ ti ibi tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá èrè ni tàbí gbèsè, torí ẹ ti sanwó kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ òórùn yẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún mi rí ibi tí aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Inú ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ni mo wà, omi bọ́ lójú mi.

Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà yá jù fún mi. Ọmọ mi bá mi dín eré ẹ̀ kù sí 0.8, ó wá ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹ gbìyànjú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì lé yín.

Arìnrìnàjò Mówé

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dín eré ẹ̀ kù. Mo ti gba AntennaPod sórí fóònù, mo fi Planet Money àti 13 Minutes sínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Manchester, mo dúpẹ́. Ṣé kò sí èyí tó kéré ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ? Mo máa ń wọ márúwá láti ilé dé ibùdókọ̀, ìṣẹ́jú méje péré ni.

Nọ́ọ̀sì Houston

Ó wà, àbúrò mi. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Engines of Our Ingenuity, 1988 ni John Lienhard ti Yunifásítì Houston bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí rédíò aráàlú ìlú yìí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó lè jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe àkọ́kọ́ ohun kan, afárá, abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, àti bí ọgbọ́n ṣe wọlé sí ẹni tó ṣe é lórí. Wọ́n ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Láti ibi tí mo ń páàkì ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù mi jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹyọ kan máa ń parí bí mo ṣe ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Fún àwọn tó ní ọmọ, mo gbóríyìn fún But Why. Rédíò aráàlú Vermont ló ń ṣe é láti 2016, Jane Lindholm ni olóòtú. Àwọn ọmọdé láti ibi gbogbo á fi ohùn wọn ránṣẹ́: kí ló dé tí òkun fi níyọ̀, kí ló dé tí èèyàn ń yán. Wọ́n á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n láti dá wọn lóhùn láìfi wọ́n ṣe ọmọdé. Àwọn ọmọ mi méjèèjì máa ń dákẹ́ nínú ọkọ̀ tí mo bá fi sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi èmi. Èyí àbígbẹ̀yìn bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń sọ Yorùbá fún òun tí mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí padà. Yorùbá là ń sọ láti ilé dé ilé ìwé báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, torí ó dùn mí. Ní July 2025, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gba owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là padà, bílíọ̀nù 1.1, èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún rédíò àti tẹlifíṣàn aráàlú fún ọdún méjì. Àjọ tó ń pín owó náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1967, kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Àwọn ibùdó kéékèèké ní ìgbèríko lọ̀rọ̀ náà bá jù. Mo ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibùdó tiwa lóṣooṣù. Ọ̀fẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹnì kan ló ń sanwó ẹ̀ níbì kan.

Ọmọ Kétu

Mo kí gbogbo yín láti ìhà Benin. Ìyá Aláṣọ ní àwọn ń wá sí Kútọnu. Ìyá mi, Faransé ń kọ́? RFI ní ìròyìn kan, Le Journal en français facile, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ìròyìn ọjọ́ náà gan-an ni, àmọ́ wọ́n á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó bá le bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n tún ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sórí ìkànnì wọn, ẹ lè máa kà á bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta gàrí láti Ṣakí wá sí ọ̀dọ̀ wa gbọ́ ọ fún bí ọdún kan. Ó ti ń ná ọjà fúnra ẹ̀ báyìí, kò sanwó fún ògbufọ̀ mọ́.

Ìyá Aláṣọ Ìbàdàn

Ha! Ọmọ mi, o ṣe é. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni mò ń san fún ògbufọ̀. Màá ní kí ọmọ mi wá a lónìí.

Gángan Ò Gbọdọ̀ Rì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ orin, Afropop Worldwide. Láti 1988 ló ti wà lórí rédíò aráàlú Amẹ́ríkà, Georges Collinet ọmọ Kamẹrúùnù ni ohùn ẹ̀. Wọn kì í kàn fi orin lé e, wọ́n á wá olórin lọ sílé, wọ́n á bi onílù pé kí ló ń fi ìlù sọ. Jùjú, fújì, Afrobeat, wọ́n ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Nínú íapíìsì olówó pọ́ọ́kú, báàsì á rì sábẹ́ ariwo ọkọ̀, àmọ́ gángan á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ dán an wò.

Ẹ tún wá ti Fela tí Jad Abumrad ṣe ní 2025, Fela Kuti: Fear No Man.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Akọ́ka

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ gidi ni ti Fela yẹn, mo gbọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n ti rédíò aráàlú kọ́. Jad ló dá ètò Radiolab sílẹ̀ ní WNYC, rédíò aráàlú New York, lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ Higher Ground ti Obama àti Audible ló gbé ti Fela jáde. Mo kàn sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀ ni.

Bàbá Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Rẹ̀dífúṣọ̀n la ní nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí onígi ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, wáyà ló ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀ láti ibùdó. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, ti ohùn, kí ó lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀. Ẹ kò lè yí i sí ibòmíràn. Oṣooṣù ni bàbá mi ń san owó rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí yóò sọ tirẹ̀ tán, kò ní dúró gbọ́ tìrẹ. Àwọn ará ilé kejì, tí kò ní, a máa gbé àpótí wá jókòó sí ojú fèrèsé wa ní ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì ń rí ìgúnpá ìyá kan lórí férémù fèrèsé náà, ó fọwọ́ lérán, kò sọ̀rọ̀ títí ìròyìn fi parí.

Lẹ́yìn náà ni mo ra transístọ̀ pẹ̀lú owó oṣù mi àkọ́kọ́. Focus on Africa ti BBC, tó ti wà láti 1960, ni mo ń fi ìgbì kúkúrú gbọ́, a ó máa yí eriali kiri títí yóò fi mọ́. Ní 2004, wọ́n ní kí àwọn rédíò ilẹ̀ wa má ṣe máa gbé ìròyìn òkèèrè sáfẹ́fẹ́ ní tààrà mọ́. Ìgbì kúkúrú nìkan ló kù fún irú wa. Lónìí, ọmọ-ọmọ mi fi Witness History ti BBC sórí fóònù mi. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀: mo wà níbẹ̀, báyìí ló ṣe rí. Mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ní òwúrọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ètò ìjìnlẹ̀ Yorùbá kan fún mi, mo fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn arúgbó tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó ní téèpù kò tó, wọ́n ti gba ìpolówó lé e lórí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní gbàgede wọn, ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi dìde.

Ní 2018, BBC bẹ̀rẹ̀ ti Yorùbá, mo dúpẹ́ fún un. Àmúlùdùn FM náà ń sọ Yorùbá láti Mọníyà wá bá wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá pàdánù ètò kan ní aago mẹ́jọ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀rọ, kí ló le nínú rẹ̀?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Akọ́ka

Ẹ kú àgbà sà. Kò le rárá. Lójú tèmi, ohun tó le ti parí nígbà tí olóòtú bá ti wá, tó ti múra ètò sílẹ̀, tó sì ti sọ ọ́ tán. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gba ohùn sí, kì í ṣe téèpù. Fáìlì yẹn ti wà nílẹ̀. RSS tí gbogbo ayé fi ń pín pọ́díkáàsì kò ju ìwé kékeré kan lọ, tó to orúkọ ètò, ọjọ́ tó jáde àti àdírẹ́sì ibi tí fáìlì wà. Áàpù yín á máa yọjú wo ìwé náà, tó bá rí ìlà tuntun, á lọ gbé ohùn náà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi ọjọ́ kan ṣètò ẹ̀ fún ibùdó rédíò odidi ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ibùdó tó bá fẹ́, mo ṣe tán láti bá wọn ṣe ti àkọ́kọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Awakọ̀ Tírélà, Manchester

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa sà. Ohun tí ẹ sọ nípa fèrèsé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Bí ètò Yorùbá bá wà tó gùn tó wákàtí kan, ìjìnlẹ̀, ìtàn ìlú, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, màá máa gbọ́ ọ láti Manchester dé Dover, màá sì san owó oṣooṣù bí bàbá yín ṣe san ti Rẹ̀dífúṣọ̀n.

Arìnrìnàjò Mówé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Inú márúwá, Engines. Láti Mówé dé Bẹ́gà, tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, tí gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, 13 Minutes. Mo ti dé ibi tí nọ́mbà 1202 ti yọ, ẹ̀gbọ́n ò parọ́. Láti Bẹ́gà wọ Èkó, ariwo ti pọ̀, Witness History àti ìròyìn nìkan ló ń wọlé, ohùn ẹnì kan tó ń sọ ìtàn gba ariwo kọjá ju ohùn èèyàn mẹ́rin tó ń jiyàn lọ. In Our Time, mo ti fi í sí ọjọ́ Sátidé tí mo bá ń fọṣọ. Dátà tí mo máa ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan ti ń tó mi lọ́sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Planet Money ti aṣọ yẹn ni mo ń gbọ́. Ìyá kan jókòó tì mí, ó gbé àpò aṣọ lé ẹsẹ̀, ọjà Balógun ló ń lọ. Ó ní kí ni mò ń gbọ́ tí mo ń mi orí bẹ́ẹ̀. Mo yọ íapíìsì kan fún un. Ó fi sétí, mo sì ń túmọ̀ ẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, oko òwú, ẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a dé Ìdúmọ̀tà, ó dá íapíìsì padà, ó nù ún mọ́ ìró ẹ̀ kó tó fún mi. Ó ní, "Ṣé kò sí ti Yorùbá ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Bàbá Tíṣà, mo wá bẹ̀ yín. Ìtàn Rẹ̀dífúṣọ̀n yẹn, ti fèrèsé, ti téèpù tí wọ́n gba ìpolówó lé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè fi ẹnu yín sọ ọ́ sórí fóònù? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bọ̀dá Akọ́ka ní àwọn ṣe tán láti gbé e síbi tí gbogbo wa á ti rí i.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Akọ́ka

Mo ṣe tán sà. Ẹ fi aṣọ nípọn bo tábìlì, kí ẹ gbé fóònù sórí ìwé, má jẹ́ kí fáànù kọjú sí i.

Bàbá Tíṣà Mọ́kọ́lá

Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun ni yóò di fóònù mú. A ó dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá dákẹ́, bí aago mẹ́wàá alẹ́. Orúkọ ìyá tó máa ń gbé ìgúnpá lé fèrèsé náà ni màá kọ́kọ́ dá.